Ìdákẹ́ Ni, Kì í Ṣe Ìgbàgbé

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tó gbàgbé. Odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é, mi ò sì ṣì í ṣe rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má wulẹ̀ bá mi dárò, torí èmi gan-an ò káàánú ara mi.

Ilé tíátà ni mo ti ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi kì í ṣe òṣèré. Àpótí kékeré kan wà lápá òsì ìtàgé, lẹ́yìn kọ́tìnì dúdú, níbi tí àwọn òǹwòran ò lè rí. Orí rẹ̀ ni mò ń jókòó sí, ìwé eré lórí itan mi, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí mi, àti iná kékeré kan tí mo fi bébà búlúù wé kó má baà mọ́lẹ̀ jù. Tí ọ̀rọ̀ bá sá mọ́ òṣèré lẹ́nu, èmi ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ péré ni o. Tí mo bá sọ méjì, òun fúnra rẹ̀ á rántí ìyókù. Tí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti ń ṣeré nìyẹn, wọn ò sì gbà mí fún eré. Ìyá Létí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè mí, torí etí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ náà mọ́ mi lára débi pé tí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi gangan, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń pè.

Ẹni tó bá gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí: á kan ọrùn, á kan bọ́tìnnì, á kan tábìlì. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á jókòó jẹ́jẹ́, èémí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn. Èmi á ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá di ẹ̀rin tí ọwọ́ sì ń rìn kiri, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Òṣèré tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí létí nígbà tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kò ní dárí jì yín bọ̀rọ̀. Ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí wọ́n fún un lórúkọ yẹn, torí ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Láti ìgbà náà, arúgbó ló ń ṣe. Wọ́n á da pọ́dà funfun sí i lórí, wọ́n á fún un lọ́pàá, á wọlé. Nígbà tí irun rẹ̀ wá funfun fúnra rẹ̀, ó sọ fún Olùdarí pé kí wọ́n yọ owó pọ́dà kúrò nínú ìnáwó, pé òun ti bá ilé iṣẹ́ fi ìyẹn pamọ́. Àwàdà ni nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé a máa débi tí irú owó pọ́dà bẹ́ẹ̀ á di ohun tí a ń wá kiri.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni. Ẹ̀gbẹ́ àpótí mi ló ti dàgbà. Orí aṣọ eré ló ń sùn sí, kó sì tó mọ̀ ọ́n rìn ló ti mọ̀ pé wọn kì í ké nígbà tí kọ́tìnì bá ti ṣí. Nígbà tó di òṣèré, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohùn èmi àti òun ò yàtọ̀ rárá. Ẹni tó bá pe fóònù ilé wa, tó ní, "Ẹ kú ilé, mà," òun ni yóò fèsì pé, "Ọmọ wọn ni o, ẹ má tíì sọ mí di àgbà." Bàbá rẹ̀ náà máa ń ṣì wá mú, ìyẹn sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Eré tí mo fẹ́ sọ yìí, òṣèré mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó sílé, ó ń retí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bínú kúrò nílé lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Ní apá kẹta, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Arúgbó náà ò ní dìde. Á kàn yí orí, á ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi." Ọkọ mi ni arúgbó yẹn, ọmọ wa sì ni ọmọ náà. Ohun tí àwọn méjèèjì máa ń ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ṣí, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Mo ti rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú tó ń fi fìlà rẹ̀ nu ojú, tí ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ilé iṣẹ́ bàtà tó wà lódìkejì afárá lé ìdajì òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó tún lé ìdajì tó kù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù títì wa ń tìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bínú sí àwọn òǹwòran wa. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún ìdílé rẹ̀ wá ń ra méjì. Nígbà tó yá, ọkọ á wá nìkan, á lọ sọ bí eré ṣe lọ fún ìyàwó nílé. Nígbà tó tún yá, ọkọ náà ò wá mọ́. Ta ló máa fi owó búrẹ́dì wo eré?

Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé. A pa eré alẹ́ tì torí owó iná, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan. Ìwé pélébé tí a ń pín fún òǹwòran di bébà ẹyọ kan. Wọ́n ta ògiri ilé arúgbó náà fún káfíńtà kan, wọ́n ta àga, wọ́n ta pẹpẹ ìwé, títí ó fi ku ilẹ̀kùn nìkan tó dá dúró láàárín ìtàgé nínú férémù rẹ̀. Lẹ́yìn ẹrù, ó kan èèyàn. Àwọn tó ń ṣe aládùúgbò nínú eré ló kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń ṣe lọ́yà tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n arúgbó náà, Olùdarí ní kó jẹ́ pé ó ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òṣèré tó ń ṣe é, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, ní, "Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n kú lójú àwọn èèyàn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó kó bàtà eré rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ, mi ò sì tíì gbúròó rẹ̀ títí dòní.

Èmi ni mò ń fa ilà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ nínú ìwé eré. Olùdarí á dúró lẹ́yìn mi, á ní, "Pẹ́ńsù ni o, Ìyá Létí. Ẹ má fi bírò fà á. Wọ́n ń padà bọ̀." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó gbà á gbọ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó ti ta mọ́tò rẹ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá síbi iṣẹ́, ó ní dókítà ló ní kí òun máa rìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó pe àwa mẹ́ta tó kù sí yàrá rìhásà: ọkọ mi, ọmọ mi àti èmi. Kò jókòó. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ ti sọ pé agbára àwọn ò gbé òṣèré méjì mọ́. Ẹyọ kan ni wọ́n lè gbé, Bàbá Àgbà sì ni ẹyọ kan náà, torí òun ni àwọn èèyàn mọ̀.

"Mo bá wọn fà á," ó ní. "Mo ní eré yìí ò lè dúró láìsí ọmọ yẹn. Wọ́n ní àwọn á wá wò ó ní Sátidé, ní ẹlẹ́nìkan. Tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i pé kò dúró, mo ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ nìyẹn, wọ́n á wá owó ẹnì kejì. Àmọ́ tó bá dúró…"

Kò parí rẹ̀, èmi náà ò sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ mi bi Olùdarí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kó bàtà mi ni àbí kí n fi í sílẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀ ná. Títí di Sátidé."

Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ kó má baà pariwo lórí pákó. Abẹ́ dígí nínú yàrá ìmúra ló fi í sí. Lọ́jọ́rú, lọ́jọ́bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀ ni mò ń wò ó bóyá ó ṣì wà, bí ẹni pé bàtà lè dá rìn lọ.

Eré tuntun náà kò le. Kò sí ìkànlẹ̀kùn mọ́, kò sì sí ìbéèrè. Arúgbó á dìde fúnra rẹ̀, á ṣílẹ̀kùn, kò ní rí ẹnikẹ́ni, á tì í padà, á ní, "Atẹ́gùn ni." Iná á kú. Èmi ni mo fa pẹ́ńsù sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi, odidi ojú ewé mọ́kànlá. Ọkọ mi ṣe é lẹ́ẹ̀màrún-ún ní rìhásà, kò ṣi ẹyọ kan.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nílé, ọkọ mi ti ń gbàgbé nǹkan. Ó gbé kẹ́tù kaná, ó lọ jókòó, omi gbẹ, ìdí kẹ́tù jóná. Ó fi bíi wákàtí kan wá awò ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ ti ń ṣe arúgbó nílé náà báyìí? Ta ló ń sanwó èyí fún yín?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, mo sunkún. Tí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á gé òun náà, á wá ku ilẹ̀kùn nìkan.

Sátidé dé. Nínú ọ̀wọ́ àga mẹ́rìnlá, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni èèyàn jókòó sí. Àwọn ìgbìmọ̀ jẹ́ mẹ́ta, wọ́n wà ní ọ̀wọ́ kejì, ìwé àti bírò lórí itan wọn. Obìnrin kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó lára, ni olórí wọn. Mo yọjú láti àlàfo kọ́tìnì. Ọmọ mi wà lẹ́yìn pátápátá nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, ó gbé báàgì lé itan. Ó ti sọ fún mi láàárọ̀ pé òun ò ní wá. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí eré náà bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣọ́ eré kó má bàjẹ́, mo gbàdúrà kí eléyìí bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ kó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ni, kó má ṣe jẹ́ láti ẹnu ọkọ mi.

Apá kìíní lọ dáadáa, apá kejì náà lọ dáadáa. Ó di apá kẹta, ó di ibi tí ó yẹ kí ọkọ mi ti dìde. Kò dìde. Ó yí orí sí ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, nígbà tí èèyàn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Mo wo ìwé eré. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lábẹ́ ilà pẹ́ńsù, mo sì ń kà á kedere. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti padà sínú eré àtijọ́, ó ti gbàgbé pé a ti yọ ọmọ náà kúrò, ó sì jẹ́ pé ojú ìgbìmọ̀ ló ti gbàgbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ení. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, kò mira. Mo rí i. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rí i. Èémí rẹ̀ wà nínú ikùn. Èjì. Ẹ̀ta. Obìnrin aláṣọ òdòdó gbé orí sókè kúrò nínú ìwé tó ń kọ, ó wo ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀rin. Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí i? Ọ̀rọ̀ tó kàn kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ sí létí. Ẹnu mi là, kó tó bi mí.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mi ò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ sókè, gbogbo rẹ̀, ní ohùn tí èmi àti ọmọ mi jọ ní.

Ọkọ mi yí ojú, kì í ṣe sí ilẹ̀kùn, bí kò ṣe sí àlàfo kọ́tìnì níbi tí mo wà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, kò tíì wò mí láti orí ìtàgé rí. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Òṣèré ni, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó dìde, ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó dúró, ó wo òfìfo yẹn bí ẹni ń wo ojú ẹni tó mọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn padà. "Atẹ́gùn ni," ó ní, iná sì kú.

Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fa imú nínú òkùnkùn. Nígbà tí iná padà tàn, mo wo ẹ̀yìn pátápátá. Ọmọ mi ti lọ. Àga rẹ̀ ti ká ara rẹ̀ sókè bí àwọn tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Àwọn ìgbìmọ̀ bá wa wọ yàrá ìmúra. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mà, ohùn yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Ohùn láìsí ẹni tó ni ín. Arúgbó náà ló ń gbọ́ ọ nínú orí ara rẹ̀, àbí?" Omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí Olùdarí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ṣètò rẹ̀ ni?"

Olùdarí wò mí. Ó wo bàtà tó wà lábẹ́ dígí. Ó wo ọkọ mi, tó ń fi òwú nu ojú, tó kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní.

"Ó dúró," obìnrin náà sọ. "Ó dúró dáadáa láìsí ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ohùn yẹn bẹ́ẹ̀." Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Ó rò pé ire lòun ṣe fún wa.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkọ mi ò yí padà. Inú dígí ni mo ti ń rí ojú rẹ̀.

"Ìdákẹ́ ni," ó ní.

"Mo rò pé ẹ gbàgbé ni."

"Ìdákẹ́ ni, Ìyá Létí. Mo fẹ́ bi wọ́n, kí n sì máa dúró. Mo fẹ́ dúró títí wọ́n á fi máa wo ara wọn lójú, títí á fi hàn sí wọn pé ẹnì kan wà tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ì báà gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, ì báà gbà mí ní méjì, mi ò ní dìde lórí àga yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó gbé òwú sílẹ̀. "Gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan ni mo rò pé mi ò ní láti sọ fún."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Mo kó bàtà ọmọ mi sínú ọ̀rá, mo gbé e dání, a sì rìn lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Mi ò lè sọ fún yín irú ìdákẹ́ tí ìyẹn jẹ́.

Ọmọ wa ń ká aṣọ sínú àpótí nígbà tí a wọlé. Bàbá rẹ̀ wọ yàrá lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ jù mí lọ."

"Mo rò pé bàbá rẹ gbàgbé. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí wọn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ni."

"Mo mọ̀. Ẹnu yín ni." Ó ká súwẹ́tà náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹnu yín ò lè rí àlàfo kó má dí i. Mo kàn rò pé ẹ máa fi tèmi sílẹ̀ ni."

Mo na ọ̀rá bàtà sí i. Kò gbà á. Ó ní bàtà náà ò wúlò níbi tí òun ń lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bá a wá iṣẹ́ ní ìlú kan tó jìn, nílé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bàbá rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀. Èmi ò lọ. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Mo ṣe ohùn náà fún Sátidé mẹ́jọ. Mo máa jókòó sórí àpótí mi, Olùdarí á fún mi ní àmì, mo máa sọ ọ́, àwọn èèyàn á sunkún. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó wọ aṣọ ọmọ rẹ̀ jáde. Ọkọ mi ò wo àlàfo kọ́tìnì mọ́. Ní Sátidé kẹsàn-án, a débẹ̀, a bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, owó ti tán lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ fúnra wọn. Nítorí Sátidé mẹ́jọ ni mo ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Fóòmù ìbùsùn ni wọ́n ń kó sínú ilé náà báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo sì rí ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ti kàn án mọ́ yàrá kékeré tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ń jókòó sí.

Ọmọ mi máa ń pè wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ó máa ń sọ̀rọ̀ òjò, ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ọ̀gá rẹ̀ tí kì í kí èèyàn. Kì í sọ̀rọ̀ eré. Èmi náà kì í dá a sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń gbàgbé gan-an báyìí, kì í ṣe kẹ́tù àti awò ojú mọ́. Ní ọjọ́ mìíràn ó máa ń múra, á ní kí n yára, pé aago mẹ́rin ti fẹ́ lù.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mò ń gé búrẹ́dì nígbà tí fóònù dún. Òun ló gbé e. Ó tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta, ó gbé e sórí tábìlì, ó yí orí sí i. Ó ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Ọmọ wa ò dáhùn. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Èèyàn ò lè rí ọwọ́ ẹni lórí fóònù, èémí nìkan ni mò ń gbọ́. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bo ẹnu mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Mo ní ẹnu yìí ò ní là lónìí, kó dúró títí òun á fi sọ ọ́. Mo kà á dé mẹ́wàá.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" ọkọ mi tún ní.

"Dádì," ọmọ mi sọ níkẹyìn, ó sì rọra sọ ọ́, "ẹ fún Mọ́mì ní fóònù. Àwọn ló ni ọ̀rọ̀ yẹn báyìí."

Ó na fóònù sí mi. Mo gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lẹ́nu mi, ìwọ̀n tó yẹ kí n máa fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ yìí.

"Tìrẹ ni," mo ní.

Mo gbọ́ tó mí sínú. Mo gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, bóyá lẹ́nu iṣẹ́ ló wà, ní Sọ́ńdè. Mo dúró. Mo fún un ní gbogbo àyè tí mi ò fún un lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni fóònù dákẹ́, mo wò ó, ó ti pa á.

Ọkọ mi ń wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí tábìlì, ó kan búrẹ́dì, ó kan ife, ó kan bọ́tìnnì àyà rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" ó bi mí.

Mo di ọwọ́ náà mú.

"Atẹ́gùn ni," mo ní.